Ọ̀pá Gùn, Àpótí Kúrú: Ìtàn Ọkọ̀ Ìpẹja Báàsì ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ìpẹja àlòkù ní Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tí wọ́n kàn láàárín ọdún 1970 sí 1990, kì í pẹ́ rí ìṣòro kan tí kò kan ẹ̀rọ, tí kò sì kan jíjò. Yóò ṣí àpótí gígùn tó wà lábẹ́ pèpéle iwájú ọkọ̀, yóò ti orí ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ wọlé, yóò tẹ ìdí ọ̀pá sílẹ̀, ìdérí kò ní padé. Ọ̀pá náà ti fi bí ìbú ọwọ́ kan tàbí ẹsẹ̀ bàtà kan gùn ju àyè ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí irú àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbé dírílì jáde, tí wọ́n ń lu ògiri inú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ti páìpù gba ojú ihò náà kọjá síwájú kí orí ọ̀pá lè ríbi sùn.

Bí ènìyàn bá béèrè ohun tó fà á, wọ́n á ní ọ̀pá òde òní ló gùn ju ti àtijọ́ lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń pa báàsì ti gùn rí, ó wá kúrú, kó tó tún padà gùn. Ìgbà tó kúrú jù lọ gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tó ní àpótí ọ̀pá nínú. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà ni wọ́n fi wọn àpótí, ìwọ̀n yẹn sì di ara ọkọ̀. Kò sí àṣìṣe káfíńtà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pá kì í pẹ́ yí padà, ọkọ̀ a sì máa lò tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lórí omi.

Báàsì, ẹja odò àti adágún Àríwá Amẹ́ríkà, ẹlẹ́nu gbàǹgbà ni. Abẹ́ koríko omi àti ìdí igi tó wó sómi ló máa ń ba sí, ibẹ̀ ni yóò ti ta kọ́ńkọ́ lu ohun tó bá fẹ́ gbé mì. Nítorí ìjà rẹ̀ lórí okùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá a kiri ju nítorí ọbẹ̀ lọ, apẹja tó mú un sì sábà máa ń dá a padà sómi.

Ìtọ́jú ọ̀pá gígùn ti ń jẹ àwọn apẹja lọ́kàn kí ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù tó mọ̀ pé ẹja báàsì wà. Ní ọdún 1496, Wynkyn de Worde tẹ ìwé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fífi ìwọ̀ pẹja, ìwé tí wọ́n sábà máa ń sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Juliana Berners ló kọ ọ́. Wọn kò tíì mọ rìlì, ẹ̀rọ kékeré tí ń ká okùn, nígbà náà. Orí ọ̀pá ni wọ́n ń so okùn mọ́, nítorí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ gùn kí ìwọ̀ tó lè dé ibi tí ẹja wà. Ìwé náà kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ inú ìdí ọ̀pá di ihò, kí apá òkè rẹ̀ lè wọ inú ihò yẹn, kí apẹja sì máa gbé e lọ bí ọ̀pá ìtilẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí òun ń lọ. Ọ̀pá tó ń sá wọ inú ara rẹ̀ yìí ṣì ń bọ̀ wá bá wa nínú ìtàn náà.

Rìlì ló kọ́kọ́ tú apẹja sílẹ̀ lọ́wọ́ gígùn ọ̀pá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, George Snyder, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní ìlú Paris ní Kentucky, ṣe rìlì kan tí eyín irin inú rẹ̀ mú kí okùn ká ní ìlọ́po nígbà tí ọwọ́ bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Apẹja lè ju ìwọ̀ jìnnà báyìí, kó sì ká a padà kíákíá. Síbẹ̀ ọ̀pá kò tíì kúrú, torí ẹja kéékèèké tó ṣì wà láàyè ni wọ́n fi ń ṣe ìdẹ. Bí wọ́n bá jù ú tagbáratagbára, yóò já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀, nítorí náà ọ̀pá gígùn tó rọ̀ tó sì ń tẹ̀ ni wọ́n fi ń fì í jẹ́jẹ́. James Henshall, oníṣègùn tó kọ ìwé ńlá kan lórí báàsì ní ọdún 1881, dábàá ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 3, ìyẹn mítà 2.5. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá Henshall wá sínú ọkọ̀ ọdún 1975, ìdérí kò ní padé lórí rẹ̀.

Àárín ọdún 1880 sí 1900 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Àwọn apẹja agbègbè Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá gba orí ju ìdẹ síwájú tààrà, dípò kí wọ́n máa fì í láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá tí wọ́n sì ń lò kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. James Heddon ní ìlú Dowagiac ní Michigan wà lára àwọn tó sọ ìdẹ tí wọ́n fi igi gbẹ́ di ọjà. Igi kì í kú, kì í sì í já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti máa rọra fì í mọ́. Ohun tí apẹja ń fẹ́ ni kí ìdẹ lọ bọ́ síbi tó fojú sùn, ọ̀pá kúkúrú tó le sì ń ṣe ìyẹn dáadáa. Ọkọ̀ kékeré oníàjẹ̀ tí ènìyàn méjì ń jókòó sí náà tún ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, torí ẹni tó ń fi ọ̀pá gígùn gba orí nínú rẹ̀ lè fi ìwọ̀ kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ létí. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi pé ìlàjì, ọ̀pá báàsì tó wọ́pọ̀ ti wá sí ẹsẹ̀ bàtà 5½ tàbí 6, èèkù rẹ̀ sì tẹ̀ bíi ti ìbọn ìléwọ́.

Lásìkò kan náà, omi fúnra rẹ̀ ń fẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá àjọ Tennessee Valley Authority sílẹ̀ ní ọdún 1933, dáàmù ń tẹ̀lé dáàmù káàkiri gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Norfork ní Arkansas parí ní 1944, Bull Shoals lórí odò White parí ní 1951, Beaver Lake náà tẹ̀ lé wọn láàárín ọdún 1960 sí 1970. Odò tóóró di adágún tó lọ súà. Omi gun orí oko, ó gun orí igbó, igi tí wọn kò gé sì dúró lábẹ́ omi bí ilé fún báàsì. Oníàjẹ̀ kò lè ká irú omi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kan.

Holmes Thurmond ní ìlú Shreveport ní Louisiana ló kan ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn nítorí báàsì nìkan. Ọdún 1948 ni, ó sì sọ ọ́ ní Skeeter. Ọkọ̀ tóóró ni, ó sún mọ́ omi, iwájú ni ẹni tó ń tù ú máa ń jókòó sí, igi ìtukọ̀ kan ló sì fi ń darí rẹ̀. Ọ̀pá inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ wọn sí.

Ìdíje ló sọ ọ̀pá di púpọ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1967, Ray Scott, tó ń ta ìwé adójútòfò ní Montgomery ní Alabama, kó apẹja 106 jọ sí Beaver Lake ní Arkansas. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wọlé, Stan Sloan láti Tennessee ló sì gbégbá orókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ tí Scott dá sílẹ̀, B.A.S.S., bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Nínú ọdún 1968 yìí náà ni Forrest Wood, tó ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn apẹja kiri lórí odò White, òun àti Nina ìyàwó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Ranger ní Flippin, ìlú kékeré kan nítòsí Bull Shoals. Ọkọ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n kàn lọ́dún àkọ́kọ́. Iná jó ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1971, wọ́n sì tún un dìde.

Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú ni owó. Ẹni tó ń já ìdẹ kan kúrò lẹ́nu okùn, tó ń so òmíràn, ń fi àkókò ẹja ṣòfò. Nítorí náà àwọn olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá wọ ọkọ̀, ìdẹ ọ̀tọ̀ lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ kàn máa sọ ọ̀kan kalẹ̀ kó sì gbé òmíràn. Ẹ̀rọ tó wà nídìí ọkọ̀ náà ń lágbára sí i lọ́dọọdún. Ọ̀pá mẹ́wàá tó tò sórí pèpéle gbalasa nínú ọkọ̀ tó ń sáré fò lórí ìgbì kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi kọ́ra, tí wọn yóò fi ṣẹ́, tí òmíràn yóò sì bọ́ sómi. Ohun tó bí àpótí ọ̀pá nìyẹn: àpótí gbọọrọ lábẹ́ pèpéle, ó ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ kí okùn wọn má baà lọ́ mọ́ra.

Àyè fún un kò sì pọ̀. Ọkọ̀ ìgbà náà kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 17 lọ. Bátìrì ń fẹ́ àyè, táńkì epo ń fẹ́ àyè. Ní ọdún 1972, Ray Scott bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn olùdíje pé kí wọ́n má pa ẹja tí wọ́n bá mú, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì dá a padà, ìyẹn ló sọ táńkì omi onífẹ́ẹ́fẹ́ tí ẹja ń wà láàyè sí di dandan nínú ọkọ̀. Fóòmù tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì náà ní láti ríbi wà. Àwọn tó ń yàwòrán ọkọ̀ wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ bàtà 6 ni, wọ́n sì ya àpótí tó fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà yẹn, èyí bọ́gbọ́n mu pátápátá.

Ẹni tó da ìṣirò yẹn rú ni Dee Thomas. Odò kékeré àti koríko gíga àgbègbè Delta ní California ni ọkùnrin yìí ti kọ́ ìpẹja. Àwọn kan níbẹ̀ ń lo ọ̀pá tó tó ẹsẹ̀ bàtà 12, okùn kúkúrú lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń ki ìdẹ bọ ihò àárín koríko lójú ibi tí ẹja ba sí. Thomas gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wọ ìdíje, ó sì ń borí. Àwọn tó ń bá a díje fi ẹjọ́ sùn pé ọ̀pá náà ti gùn jù, àwọn olùṣètò sì fi òpin sí gígùn ọ̀pá. Kò bá wọn jà. Ó gé ọ̀pá rẹ̀ kù sí ẹsẹ̀ bàtà 7½, ó sì wá ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n ń pè ní flipping. Apẹja a máa fi ọwọ́ kan fa okùn sílẹ̀ láàárín rìlì àti òrùka ọ̀pá, ìdẹ a máa rọ̀ dirodiro lẹ́nu ọ̀pá, a sì fì í lábẹ́ jẹ́jẹ́ kó rọra wọ inú ihò láìta omi. Ìdẹ kì í kọjá mítà mélòó kan, ibi tó bá sì fẹ́ gẹ́lẹ́ ló ń bọ́ sí. Ní ọdún 1975 ó gbé ọgbọ́n náà lọ sí Bull Shoals ní Arkansas, láàárín àwọn tí kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì gba ife ìdíje B.A.S.S. níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ènìyàn ń wá ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7½. Ilé iṣẹ́ Fenwick bá Thomas ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé e jáde fún títà. Apá kan iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ tẹjú mọ́. Ọ̀pá náà gùn ju àpótí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà lọ, ilé iṣẹ́ ọ̀pá kò sì láṣẹ lórí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà wọ́n ṣe é kí ara ọ̀pá lè sá wọ inú èèkù rẹ̀. Bí apẹja bá fẹ́ pẹja, a fà á jáde, a sì dè é pinpin. Bó bá fẹ́ lọ sílé, a tì í wọlé, ọ̀pá a dín kù tó láti wọ àpótí. Ọgbọ́n ihò inú èèkù tí ìwé ọdún 1496 fi kọ́ni tún padà wáyé. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, ó sì tó ọdún mélòó kan tí ọ̀pá flipping fi jẹ́ ọ̀pá àtìwọlé, torí ọkọ̀ kò tíì gùn.

Àwọn apẹja fara dà á, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ibi tí ara ọ̀pá ti ń wọ èèkù máa ń mì bó bá ti gbó, iyanrìn a wọ ibẹ̀, á sì há. Wọ́n fẹ́ ọ̀pá tó jẹ́ odindi kan, torí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdẹ lábẹ́ omi. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pá alápá méjì tí àwọn apẹja odò mìíràn ń lò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja báàsì.

Ohun èlò ọ̀pá náà ń yí padà lákòókò yìí. Ọparun tí wọ́n là tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ ni ọ̀pá dáadáa tẹ́lẹ̀, èyí tó dára jù lọ nínú ọparun náà sì ń wá láti Ṣáínà, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi dá òwò dúró pẹ̀lú orílẹ̀-èdè yẹn ní ọdún 1950. Fáíbà gíláàsì, tí Arthur Howald ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ọ̀pá nígbà ogun àgbáyé kejì, gba ipò ọparun. Àmọ́ ọ̀pá gíláàsì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 wúwo, ọwọ́ á ti rẹ ẹni tó ń jù ú kí ọ̀sán tó pọ́n. Kábọ̀n ló yanjú ìyẹn. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí fáíbà kábọ̀n nítorí ọkọ̀ òfurufú láàárín ọdún 1960 sí 1970 ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀, Fenwick sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta ọ̀pá kábọ̀n fún gbogbo ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 1973. Kábọ̀n fúyẹ́, ó le, ọ̀pá gígùn sì di ohun tí ènìyàn lè lò láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ní àbùkù kan tó kan àpótí gbọ̀ngbọ̀n: bí nǹkan líle bá gbá a lára, tó fi kinní kékeré bù ú jẹ, ojú ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ nígbà tí ẹja ńlá bá fà á. Ọ̀pá kábọ̀n kò ṣe é sọ sílẹ̀ bí igi ìdáná.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí láti gbé ọ̀pá gígùn ń pọ̀ sí i. Ọ̀pá gígùn ń ju ìdẹ jìnnà, bí ìdẹ tó ń rì jinlẹ̀ bá sì ti lọ jìnnà ni yóò pẹ́ nísàlẹ̀ kó tó padà sókè. Nígbà tí ẹja bá jẹ ìwọ̀ níbi tó jìnnà, ọ̀pá gígùn ló ń fa okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní California, àwọn tó ń fi ìdẹ ńláńlá tó dà bí odindi ẹja dẹdò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8. Ní ọdún 1998, Denny Brauer, ọ̀gá nínú flipping, gba ife Bassmaster Classic, ìdíje àṣekágbá B.A.S.S., ní High Rock Lake ní North Carolina, àwòrán rẹ̀ sì jáde lára páálí oúnjẹ Wheaties, òun sì ni apẹja báàsì àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2011, Paul Elias fi ìdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Alabama rig borí ní adágún Guntersville, ẹja rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin sì lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Wáyà márùn-ún ló yà láti ara ìdẹ náà bí ẹ̀ka, ìdẹ kan lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kúkúrú kò lè ju irú ẹrù bẹ́ẹ̀. B.A.S.S. fòfin dè é nínú ìdíje rẹ̀ tó ga jù lọ, àmọ́ kí òfin náà tó jáde, ọ̀pọ̀ apẹja ti ra ọ̀pá tuntun tó le tó sì gùn láti fi jù ú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ń gùn, ọkọ̀ ọdún 1984 tí ẹni kan ti san owó rẹ̀ tán wà nínú ọgbà rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ṣì dán. Ta ni yóò jù ú nù nítorí íǹṣì mẹ́fà?

Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yóò kọ́kọ́ pinnu ẹ̀gbẹ́ tí àpótí máa gbà gùn. Ẹ̀yìn kì í sábà gbà, torí ibẹ̀ ni ìjókòó àti táńkì omi ẹja wà. Iwájú ló kù. Láàárín ògiri iwájú àpótí àti ṣóńṣó imú ọkọ̀, àyè kan sábà máa ń ṣófo, tí kò sí ohun púpọ̀ níbẹ̀ ju wáyà ẹ̀rọ kékeré oníná àti wáyà iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ti iwájú ọkọ̀. Àyè yẹn ni páìpù máa ń gbà. Kò pọn dandan kí wọ́n fa ẹnu àpótí gùn, torí orí ọ̀pá ń tẹ̀. Bí apẹja bá ti orí ọ̀pá wọ páìpù ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí ó sì tẹ èèkù sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá tó gùn ju ìdérí lọ yóò wọlé wẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí gígé pèpéle, tó jẹ́ iṣẹ́ tó le jù tó sì lè mú ọkọ̀ rọ, kò fi wọ́pọ̀.

Ògiri tí wọ́n fẹ́ lù kì í ṣe ògiri àwòṣe. Òun wà lára ohun tó ń gbé ìdààmú ìgbì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ayùn gé ojú fèrèsé onígun mẹ́rin sí i, torí igun fèrèsé ni ìsán máa ń bẹ̀rẹ̀. Ihò róbótó, ọ̀kan fún páìpù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyè tó pọ̀ láàárín wọn, ni wọ́n ń lù. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, pláíwúdù ló wà láàárín fáíbà gíláàsì ògiri náà. Bí dírílì bá ti là á kọjá, igi ti wà ní gbangba. Bí wọn kò bá fi résìn kùn ún yí ká, omi á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Páìpù fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pá tí rìlì rẹ̀ wà lókè ní òrùka kéékèèké, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó o. Ọ̀pá tí rìlì rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ní òrùka ńlá nítòsí èèkù, nítorí náà páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n máa ń fi iná yọ́ ẹnu páìpù kó rọ̀, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ síta, kí òrùka má baà kọ́ létí rẹ̀ nígbà tí apẹja bá ń fà á jáde pẹ̀lú ìkánjú. Ìdí páìpù lọ́hùn-ún náà kò gbọdọ̀ dí pa, torí ọ̀pá tó tutù ni wọ́n ń dá padà sínú rẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Imú ọkọ̀ ń tín-ín-rín bó ti ń lọ síwájú, nítorí náà àwọn páìpù ní láti sún mọ́ra bí wọ́n ti ń lọ. Wọn kò sì gbọdọ̀ dí ibi tí nọ́ọ̀tì irin imú ọkọ̀ wà, irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan ní láti fi sípánà dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó léwu jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóòmù. Ní ọdún 1961, Dick Fisher, ẹni tó dá ọkọ̀ Boston Whaler sílẹ̀, jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí omi, wọ́n sì fi ayùn gé ọkọ̀ náà sí méjì, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán rẹ̀, apá tí Fisher wà kò sì rì. Fóòmù tó wà láàárín awọ méjì ọkọ̀ náà ló gbé e. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sì gbé ìlànà kalẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tó ń lo ẹ̀rọ ẹ̀yìn, tí wọ́n bá kàn lẹ́yìn oṣù Agẹmọ 1978, gbọ́dọ̀ lè léfòó ní pẹrẹsẹ bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Olùkàn ọkọ̀ ni ìlànà náà dè. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe nínú gáréèjì rẹ̀ kò ní olùyẹ̀wò kankan lórí. Bó bá gbẹ́ fóòmù jáde nítorí kí páìpù lè kọjá, fóòmù náà kò ní padà fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kún sì ni yóò mọ iye tó gbẹ́. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sọ ọkọ̀ di òkúta. Ẹni tí fóòmù bá wà lọ́nà rẹ̀, kó wá ọ̀nà mìíràn gbé páìpù gbà, tàbí kó fi okùn di ọ̀pá gígùn méjì mọ́ orí pèpéle, kó sì fi àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà rí ohun tó ń lọ. Ọkọ̀ wọn gùn sí i, láti ẹsẹ̀ bàtà 16 dé 18, dé 20, dé 21 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ̀ sí i. Igi kúrò nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun èlò tí kì í jẹrà gba ipò rẹ̀. Páìpù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń ti bọ imú ọkọ̀ fúnra wọn tẹ́lẹ̀ di ohun tí ọkọ̀ ń bá wá láti ilé iṣẹ́, ìwé ìpolówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gígùn ọ̀pá tí àpótí lè gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni wọ́n sábà máa ń kọ, ìyẹn sì bá òfin mu, torí ẹsẹ̀ bàtà 8 náà ni B.A.S.S. fi ṣe òpin gígùn ọ̀pá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àpótí gùn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pá àtìwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lórí àtẹ.

Òfin náà ti yí padà báyìí: B.A.S.S. gba ọ̀pá tó gùn dé ẹsẹ̀ bàtà 10. Àpótí ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 21 pàápàá kò fara mọ́ ìyẹn, àwọn tó ń gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10 sì ń lo èyí tí èèkù rẹ̀ ṣeé yọ tàbí tí ara rẹ̀ ṣeé tì wọlé, tàbí kí wọ́n dè é mọ́ orí pèpéle. Ní ọjà ọkọ̀ àlòkù, ẹni tó gbọ́n a mú ọ̀pá rẹ̀ tó gùn jù lọ dání lọ síbẹ̀. Bó bá rí i pé ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ti páìpù wọ iwájú, yóò tan iná sínú àpótí, yóò fi ìka pa etí ihò kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá résìn wà lára rẹ̀, yóò fi ìdí sípánà gbá ògiri náà kó lè gbọ́ bóyá igi inú rẹ̀ ṣì ń dún gan-an, yóò sì béèrè ibi tí fóòmù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà kó tó dá owó lé e.